ỌKỌ̀ WO NI KÍ A WỌ̀? Ìrìn-Àjò Ìdílé Wa Sí Ganvié, Ìlú Orí Omi

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi kò jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo dé etí rẹ̀, ìyàwó mi ló fà mí lápá padà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ ìtàn ìrìn-àjò yìí sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ìdílé tó máa ń kó ọmọ jáde ní àkókò ìsinmi, tí wọ́n sì lè fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí wọn kò dé rí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó fi Àjàṣẹ́ ṣe ibùgbé ṣe ìgbéyàwó. Àjàṣẹ́ tí mo wí yìí ni ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwa márùn-ún la lọ: èmi, ìyàwó mi, ìyá mi tó ti pé ẹni ọdún 72, àti àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà. Ìgbéyàwó parí ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ku ọjọ́ méjì gbáko kí a tó padà sí Èkó. Táíwò ti ka nípa Ganvié nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí a sinmi. "Dádì, ṣé òótọ́ ni pé orí omi ni gbogbo ilé wọn wà? Ṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́? Bí ọmọdé bá ṣubú ńkọ́?" Mo ní kó fara balẹ̀, pé ní ọjọ́ Ajé a ó fi ojú ara wa rí i.

BÍ A ṢE DÉ IBẸ̀

Ẹni tó bá ti Èkó lọ, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni yóò gbà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ kan síbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, nítorí àdéhùn ECOWAS fún wa ní àyè àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ nílé, ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Owó séfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Nígbà tí a dé Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan kún gbogbo títì bí eéṣú nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní àgbàlagbà àti ọmọdé, takisí la wọ̀ lọ sí Abomey-Calavi ní ìhà àríwá ìlú náà. Ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú omi tí àwọn àlejò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié wà, létí adágún odò ńlá tí a ń pè ní Nokoué.

ÀWỌN TÓ SÁ WỌ INÚ OMI

Kí n tó sọ ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa adágún náà àti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Odò Ouémé àti odò Sô ni wọ́n ń kó omi wọ inú Nokoué láti òkè. Ní ìhà gúúsù, ojú omi kan la àárín Kútọnu kọjá, ó sì so adágún náà mọ́ òkun. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun a máa wọlé, adágún a sì níyọ̀. Nígbà tí odò bá kún láti òkè, láàrin oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, omi dídùn a lé iyọ̀ jáde. Adágún náà fẹ̀ lọ salalu, ṣùgbọ́n kò jìn púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá gígùn lásán ni àwọn atukọ̀ fi ń ti ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè rìn.

Àwọn Tofinu ni wọ́n tẹ Ganvié dó, láyé ìgbà tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú tà fún àwọn òyìnbó etí òkun. Àwọn jagunjagun Dàhòmì a máa jáde láti kó ènìyàn, wọ́n a sì kó wọn lọ sí Ouidah. Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣàì mọ Dàhòmì. Àwọn kan náà ni wọ́n gbógun wá sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Àwọn kan náà ni wọ́n sọ Kétu dahoro ní ọdún 1886. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ganvié ni pé ẹ̀sìn àwọn jagunjagun náà kò gbà wọ́n láyè láti ja ogun lórí omi. Bí àwọn tó ń sá ṣe mọ èyí, orí omi ni wọ́n sá lọ, wọ́n sì ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e. Wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà kò ju "a ti là á já" lọ. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju 20,000 lọ.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ìbejì nínú takisí, inú mi sì ń dùn pé mo jẹ́ bàbá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìtàn. N kò mọ̀ pé kí a tó wọ ọkọ̀, èmi náà yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi.

ÀGBÈRÒ LÓJÚ Ọ̀NÀ

A kò tíì dé ibùdókọ̀ tí ọkùnrin kan fi fi ọkadà dí takisí wa lọ́nà. "Ganvié? Ganvié?" Nígbà tó gbọ́ èdè wa, ló bá yí i sí Yorùbá, Yorùbá inú ọjà tó já gaara. "Bàbá, ẹ má lọ síwájú o! Wọn yóò gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ọkọ̀ tèmi wà lẹ́yìn ilé yẹn, ó fẹ́ gbéra báyìí. Ìdajì owó ni ẹ ó san."

Ìdajì owó! Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó ẹbí rí, ẹ mọ bí àpò ṣe máa ń rí lẹ́yìn aṣọ ẹbí àti owó tí a lẹ̀ mọ́ ìyàwó lórí. Mo ní kí takisí dúró, mo sì tẹ̀lé e.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ rèé. Ọkọ̀ gígùn kan tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, kò ní ìbòrí, àwọn èrò sì ti jókòó sínú rẹ̀ ní méjì-méjì. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ga sí omi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Bàbá kan ń fi agolo gbọ́n omi kúrò nínú rẹ̀ láìyára, bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà mọ́ra. Mo béèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àgbèrò náà rẹ́rìn-ín. "Omi yìí kò jìn, Bàbá. Ọlọ́run wà."

Kẹ́hìndé tọ́ka sí ọkọ̀ kékeré kan tí obìnrin kan ń fi àjẹ̀ wà. Àgbèrò ní ìyẹn náà wà, owó rẹ̀ tilẹ̀ tún kéré sí i, ṣùgbọ́n yóò ju wákàtí kan lọ kí a tó dé ọ̀hún, oòrùn yóò sì pa wá, nítorí láti etí odò dé Ganvié tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ. Mo tún wo ọ̀hún, mo rí ibùdókọ̀ gidi náà níwájú, pẹ̀lú ilé tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọkọ̀ tó ní ìbòrí. Mo ti ń ṣírò nínú ọkàn mi. Owó tí a bá fi pamọ́ níhìn-ín yóò gbé wa dé Sẹ̀mẹ̀, yóò sì tún ku ti oúnjẹ.

Mo yíjú padà láti pe àwọn ará ilé mi. Ìyàwó mi kò sún mọ́ omi rárá. Ó di ọwọ́ àwọn ìbejì mú, ó dúró lábẹ́ igi kan, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

OHUN TÍ N KÒ MỌ̀ LẸ́YÌN ỌDÚN MẸ́TÀLÁ

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ná."

"Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ọ̀rọ̀ wo ló tún kù?"

"Mo ti ka àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Bí a bá wọ̀ ọ́, a ó di méjìdínlọ́gbọ̀n. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rí, ọ̀kan ti ya."

Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́. Mo sọ pé omi náà kò jìn. Mo sọ pé bí a bá ń bẹ̀rù báyìí, a kì bá tí kúrò nílé. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ọdún mẹ́tàlá tí mo ti gbé e níyàwó.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú sínú ọ̀sà Èkó nígbà tí òun wà ní ọmọdé. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bàbá wọn ti fún ẹ̀gbọ́n náà ní owó ọkọ̀ tó dára lọ́jọ́ náà, òun ló lọ wọ èyí tó dínwó. "Ó sọ fún mi láàárọ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ó ní òun yóò fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ra bàtà fún mi. Mo ti ń yọ̀ sí bàtà yẹn. Èmi ni mo ní kó má gbàgbé." Ọkọ̀ náà kún jù, alẹ́ sì ti lẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ó gbà láti bá wa wá sí Ganvié nítorí àwọn ọmọ ń fẹ́ ẹ, ó sì ti ń gbàdúrà láti àná pé kí òun lè ní ìgboyà.

Ẹ̀yin ará, n kò lè dáhùn. Gbogbo ìṣírò owó mi parẹ́ lórí. Ìyá mi, tí mo rò pé kò gbọ́ ohun tí à ń sọ, tú etí ìró rẹ̀, ó mú owó séfà kan tó ti ká róbótó jáde, ó nà án sí mi. "Ọmọ mi, ẹ̀mí kò láàárọ̀," ni gbogbo ohun tó wí. N kò gba owó náà, ìtìjú kò jẹ́ kí n gbà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbèrò, a sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Ó bú wa díẹ̀ ní èdè tí a kò gbọ́, kò sì burú.

A BÉÈRÈ, A KÒ ṢÌNÀ

Ní ilé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ owó ọkọ̀ sára pátákó. Bí ènìyàn bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹgbẹ́ kan ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dínkù, ọkọ̀ alájẹ̀ sì dínwó ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ó wọ́n ju ti àgbèrò, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ béèrè, mo rí i pé owó atọ́nà àti ti ìrìn yíká ìlú náà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó àgbèrò jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan. Ìdajì tí mo rò pé mo fẹ́ jèrè kì í ṣe ìdajì mọ́.

A mú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ní ìbòrí, fún àwa márùn-ún nìkan. Wọ́n kó láìfù jákẹ́ẹ̀tì wá, ṣùgbọ́n ti àgbà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan wọ Kẹ́hìndé, ó kan ń yọ́ kọjá lórí rẹ̀ bí agbádá. Atukọ̀ ní kò sí wàhálà, pé kó kàn fi ọwọ́ dì í mú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ̀. Mo ní a ó dúró títí wọn yóò fi rí ti ọmọdé. A dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Bí a ti jókòó níbẹ̀, a rí ọkọ̀ àgbèrò tó kọjá lọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn èrò inú rẹ̀ ń kọrin, àwọn kan sì juwọ́ sí wa. Táíwò wò mí lójú. N kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ti ọmọdé dé, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ so okùn rẹ̀ mọ́ àwọn ìbejì láyà, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló so ti ara rẹ̀. A gbàdúrà ráńpẹ́. Atukọ̀ di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọnú ọkọ̀, ó ní kó jókòó kí ó tó gbé èkejì. Ìyàwó mi ló wọlé gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi tó dì mú kò tú u sílẹ̀ títí a fi rìn jìnnà.

LÓRÍ OMI

Atukọ̀ wa, tí àwọn ọmọ ń pè ní "Bọ̀dá", gbọ́ Yorùbá Èkó dáadáa. Ó ní òun gbé Mákòkò fún ọdún mẹ́jọ, pé àwọn ẹ̀yà Ẹ̀gùn àti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn apẹja tó ń gbé orí omi níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá mi wá mọ̀ pé àwọn ilé tí òun máa ń rí láti orí afárá Third Mainland, àwọn ìbátan Ganvié ni wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà wá lẹ́nu ni àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi lọ súà, bí oko àgbàdo tó ti gbẹ. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Bọ̀dá ṣàlàyé pé ẹja máa ń fẹ́ràn ibi tó bá ní ibòji. Bí ẹ̀ka igi bá ti pẹ́ nínú omi, nǹkan wẹ́wẹ́ a hù mọ́ ọn lára, ẹja a máa jẹ ẹ́, wọ́n a sì máa bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, olóko náà a fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, a yọ àwọn igi kúrò, a wá kó ẹja. Èpìà ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Oko wa nìyẹn," ni Bọ̀dá wí. "Ó ní olówó. Ẹ kò lè wọ inú rẹ̀ bí ẹ kò ṣe lè wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni."

Àwọn ọkọ̀ kan ń kọjá tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán ìgbòkun wọn. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí rí ilé. Ilé onígi, ilé oníparì, ilé tó fi páànù bolẹ̀, gbogbo wọn lórí òpó. Ilé ìtajà wà lórí òpó, ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí òpó. Ọjà wọn tún ga jù: àwọn obìnrin jókòó sínú ọkọ̀ tóóró, àkẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí wọn, wọ́n to tòmátò, ata, àkàrà àti ẹja yíyan síwájú. Ọkọ̀ ẹni tó ń tà àti ti ẹni tó ń rà á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n á ná ọjà, wọ́n á ya. Ní ibì kan, àwọn ọmọbìnrin to kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀, wọ́n ń pọn omi ẹ̀rọ. Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, omi yí wọn ká, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi mu!" Òótọ́ ni. Omi adágún kò ṣe é mu, ìdọ̀tí ìlú ńlá àti iyọ̀ kò jẹ́.

Táíwò fẹ́ ya fọ́tò. Bí ó ti gbé fóònù sókè, obìnrin kan fi àkẹtẹ̀ bo ojú rẹ̀ kíá, òmíràn sì kígbe mọ́ wa. Bọ̀dá ní wọn kì í fẹ́ ẹ. Ó ní, "Bí àlejò bá wá sí ibi iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, tó ń yà yín bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé inú yín á dùn?" Mo ní kí Táíwò fi fóònù pamọ́. Ìyá mi ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin tó kígbe náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi Yorùbá kí i, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín. A kò ya ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe ara wa.

Ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́fà lọ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kọjá níwájú wa, òun nìkan, ó ń súfèé. Ìyàwó mi wò ó títí ó fi yí sẹ́yìn ilé kan. Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára tèmi, ó ti fi ìka kan omi.

Ọ̀NÀ ÀBỌ̀

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a gbéra padà. Atẹ́gùn ti ìhà òkun dìde, ojú omi tó ti tẹ́jú bí àwo láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ru. Omi ń fọ́n sí wa lára, ọkọ̀ sì ń fò sókè díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì, ó ní kí gbogbo wa jókòó sí àárín. Ó sọ fún wa pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán, pé àárọ̀ ló dára jù fún ẹni tó bá ní ọmọdé. Ìyàwó mi di àwọn ìbejì mú, ó pa ojú dé, ṣùgbọ́n kò sunkún. A gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Ní etí odò, a rí àwọn èrò ọkọ̀ àgbèrò. Wọ́n ti dé ṣáájú wa. Wọ́n ń mu omi tútù, ara wọn le, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Táíwò ní, "Dádì, wọn kò kúkú rì."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní ọ̀nà ilé. Bí ó bá jẹ́ ìtàn àlọ́ ni, ọkọ̀ yẹn ì bá ti dojú dé, kí èmi lè sọ pé mo jàre. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó kún jù a máa dé láyọ̀ lọ́jọ́ púpọ̀. Ohun tó sì ń tan àwa ènìyàn jẹ nìyẹn, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò bá dé, kò sí àǹfààní àtúnṣe. Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wọ̀ náà ti dé láyọ̀ ní àìmọye ìgbà kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo dá Táíwò lóhùn pé, "Ọmọ mi, pé wọ́n dé kò sọ pé wọ́n yàn dáadáa. Àwa pẹ̀lú dé, Mọ́mì yín sì wọ ọkọ̀ lónìí."

Ẹni tó bá ka orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí pé Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ kí ọkọ̀ wọn má ṣíkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọmọ-ogun fetí sí ọlọ́kọ̀ jù ú lọ. Pọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ kò sọ pé kí a má ka iye èrò inú ọkọ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ TÓ BÁ FẸ́ WỌ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

1. Ẹ má ṣe bá ẹni tó pàdé yín lójú ọ̀nà dúnàádúrà. Ẹ kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀ gidi, kí ẹ wo iye tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí ẹ tó pinnu.

2. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú owó náà: ṣé àlọ àti àbọ̀ ni, ṣé atọ́nà wà níbẹ̀, ibi mélòó ni ọkọ̀ yóò ti dúró, wákàtí mélòó sì ni. Ọkọ̀ kan lè gbé yín dúró sí ilé ìtajà mẹ́ta tí ẹ kò bèèrè fún.

3. Ẹ ka àwọn èrò, ẹ sì ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn kí ọkọ̀ tó gbéra; èyí tí a fi jókòó lé kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

4. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Bí ẹ bá fa èjìká rẹ̀ sókè tó sì bọ́ kọjá ní àgbọ̀n ọmọ náà, ó tóbi jù. Ẹ dúró títí wọn yóò fi rí èyí tó bá a mu.

5. Ẹ wo bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe ga sí omi, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ń gbọ́n omi kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó gbéra.

6. Ẹ lọ ní àárọ̀. Oòrùn kò tíì mú, atẹ́gùn kò tíì dìde, ọjà orí omi sì kún. Ọkọ̀ alájẹ̀ dára fún tọkọtaya tó ní àkókò tó sì fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹni tó bá ní arúgbó tàbí ọmọ kékeré, kó mú èyí tó ní ìbòrí.

7. Kí àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé lọ sí ilé ìtura kí ẹ tó gbéra. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìyá mi ló ní kí n kọ èyí.

8. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ìlú ènìyàn ni, kì í ṣe ibi ìwòran ẹranko.

9. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹnì kan nínú yín bá dákẹ́ létí omi, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹ má ṣe fi owó tàbí ọ̀rọ̀ ìgboyà pa á lẹ́nu mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Àjàṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bó ṣe máa ń kọrin, bó ṣe máa ń gbé òun lé èjìká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà òjò. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, n kò gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n náà lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé ọ̀gànjọ́.

Nígbà tí a padà dé Èkó, kí a tó dé ilé, mo yà sí ọjà, mo ra bàtà kan fún un. N kò sọ ìdí rẹ̀, òun náà kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ará, àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. A ó máa lọ, a ó máa bọ̀, a kò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ lẹ́yìn. Àmín.